Ṣé lóòótọ́ ni pé kò sí sìmẹ́ǹtì nínú tẹ́ḿpìlì àwọn Gíríìkì?

Bíríkìlà kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn ló kọ̀wé sí mi. Ó ní oníbàárà òun gbé àwòrán Parthenon, tẹ́ḿpìlì àtijọ́ ti ìlú Áténì, wá, ó ní bí òun ṣe fẹ́ kí òpó iwájú ilé òun rí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Láti ọjọ́ náà ni àríyànjiyàn ti bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn òṣìṣẹ́. Ẹnì kan ní ńṣe ni àwọn Gíríìkì yọ́ òkúta, tí wọ́n dà á sínú móòdù bí a ṣe ń da pílà lónìí. Ẹlòmíràn ní rárá o, odindi òkúta kan ṣoṣo ni wọ́n gbẹ́ di òpó kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kẹta ní òun gbọ́ pé wọn ò lo sìmẹ́ǹtì rárá, ìdí nìyẹn tí gbogbo rẹ̀ fi wó. Arákùnrin yìí wá béèrè pé: «Ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́, èwo ni òótọ́ nínú rẹ̀? Bó bá sì jẹ́ pé láìsí sìmẹ́ǹtì àti irin ni wọ́n kọ́ ọ tó fi pẹ́ tó báyìí, ṣé èmi náà lè fi òkúta ṣe é fún oníbàárà mi bẹ́ẹ̀?»

Inú mi dùn sí ìbéèrè yìí, nítorí ẹni tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ mọlé ló béèrè rẹ̀, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló sì máa tètè yé jù. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fèsì ní ṣókí. Wọn ò yọ́ òkúta dà. Òpó tó jẹ́ odindi òkúta kan wà lóòótọ́, àmọ́ ìwọ̀nba ni, àwọn tẹ́ḿpìlì ìgbà àkọ́kọ́ la sì ti ń rí púpọ̀ nínú wọn. Òótọ́ ni pé kò sí ohunkóhun tí wọ́n fi lẹ òkúta mọ́ òkúta. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló wó wọn, ibẹ̀ ni ẹni kẹta yẹn ti ṣì í, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó mú òtítọ́ kan lọ́wọ́. Ní ti irin, ẹ̀yin náà ò tíì gbọ́ ọ dáadáa: irin wà níbẹ̀, ó sì pọ̀.

Kì í ṣe pé àwọn Gíríìkì ò mọ ẹfun sísun. Wọ́n mọ̀ ọ́n dáadáa. Òun ni wọ́n fi ń rẹ́ ara ilé tí wọ́n bá fi òkúta tí kò dán kọ́. Tẹ́ḿpìlì Zeus, olórí òrìṣà wọn, ní Olympia, tí Libon ará Elis kọ́ ní àárín ọ̀rúndún karùn-ún ṣáájú ìbí Kristi, òkúta àdúgbò tí ìkarawun ayé àtijọ́ kún inú rẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ ọ. Wọ́n rẹ́ ẹ funfun kí ojú rẹ̀ lè jọ mábù. Nítorí náà, wọ́n ní ohun tí wọn ì bá fi lẹ òkúta pọ̀. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ má fi í sáàárín òkúta ni, ìdí tí wọn ò sì fi ṣe bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Ẹ bi ara yín léèrè: kí ni mọ́tà ń ṣe láàárín búlọ́ọ̀kù méjì? Ọ̀pọ̀ bíríkìlà á ní ó ń lẹ̀ wọ́n pọ̀ ni. Ìyẹn wà níbẹ̀, àmọ́ iṣẹ́ kékeré ni. Iṣẹ́ ńlá tó ń ṣe ni pé ó ń tẹ́jú fún búlọ́ọ̀kù tí kò tẹ́jú. Búlọ́ọ̀kù tó ti inú móòdù jáde máa ń ní ibi tó wú àti ibi tó rì. Tí ẹ bá gbé ọ̀kan lé èkejì láìsí nǹkan láàárín wọn, ojú ibi méjì tàbí mẹ́ta péré ni wọ́n á ti kan ara wọn, gbogbo ẹrù tó wà lókè á sì dúró lórí ibi kékeré yẹn títí tí á fi sán. Mọ́tà ló ń dí àyè náà kí ẹrù lè tàn kárí. Tí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ pé kí nǹkan má ṣubú nìkan ni, ìwọ̀n ara ẹrù fúnra rẹ̀ tó. Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kì í fi nǹkan lẹ ìkòkò mọ́ ààrò. Ìkòkò wúwo, ó jókòó dáadáa, ó parí. Agbẹ́kùúta Gíríìkì gba iṣẹ́ mọ́tà yẹn lọ́wọ́ mọ́tà, ó fi irin ìgbẹ́kùúta ṣe é. Ó gbẹ́ ojú òkúta méjèèjì títí wọ́n fi bára mu pátápátá.

Ọ̀nà tó gbà ṣe é mọ́gbọ́n dání, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà á. Ojú òkúta tó máa kan ẹnì kejì rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, kò gbẹ́ gbogbo rẹ̀ dán. Etí rẹ̀ ló máa ń dán, bíi ìdábùú ọwọ́ kan yí ká, á wá gbẹ́ àárín wọlé díẹ̀, á sì fi í sílẹ̀ ní ríríkíṣí. Tí òkúta méjì bá wá pàdé, etí wọn nìkan ló ń kanra. Èyí dín iṣẹ́ kù, ó sì jẹ́ kí ojú ìpàdé náà ṣe pinpin débi pé lára àwọn ògiri Áténì, téèyàn bá fi èékánná wá a, ó lè má bá a. Fún ojú òkúta tó máa gbé ẹrù, wọ́n ní pátákó tàbí òkúta títẹ́jú kan tí wọ́n fi ilẹ̀pa pupa àti òróró kùn. Wọ́n á gbé e lé ojú òkúta náà, wọ́n á gbé e kúrò. Ibi tí pupa bá ti kàn, ibẹ̀ ló ṣì wú. Wọ́n á ha á, wọ́n á tún gbé e lé e, títí pupa á fi kàn kárí. Kì í ṣe ìtàn ni mo ń sọ. Ní Lebadeia, ìlú kan ní ilẹ̀ Gíríìsì, wọ́n fín àdéhùn iṣẹ́ tẹ́ḿpìlì Zeus sára òkúta, ó sì wà títí dòní: bí kọńtíráktọ̀ ṣe gbọ́dọ̀ yẹ ojú òkúta wò pẹ̀lú ilẹ̀pa pupa, owó ìtanràn tó máa san tí kò bá tẹ̀ lé e, àti pé tó bá ba òkúta tó dáa jẹ́, òun ni yóò fi owó ara rẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Iṣẹ́ títún ilé òkúta àtijọ́ ṣe ni mo fi ń jẹun, mo sì lè sọ fún yín pé ọ̀pọ̀ àdéhùn iṣẹ́ òde òní ni kò ṣe kedere tó bẹ́ẹ̀.

Òkúta tó jókòó dáadáa lè gbé ohun tó bá ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, àmọ́ ìwọ̀n ara rẹ̀ nìkan kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára sí ohun tó bá ń tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ilẹ̀ Gíríìsì sì jẹ́ ibi tí ilẹ̀ ti ń mì tìtì lemọ́lemọ́. Ibí yìí ni irin ti wọ ọ̀rọ̀. Òkúta méjì tó wà ní ìlà kan náà, wọ́n gbẹ́ kòtò kékeré sí ojú òkè wọn, wọ́n fi irin kan há wọn mọ́ra. Ti Parthenon rí bíi lẹ́tà H. Òkúta tó wà lókè àti èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, irin kúkúrú tó dúró ṣánṣán ló so wọ́n pọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á yọ́ òjé, wọ́n á dà á sínú kòtò náà títí irin á fi rì sínú rẹ̀. Òjé yìí ń ṣe iṣẹ́ púpọ̀ pa pọ̀. Ó há irin mọ́ òkúta. Ó rọ̀, nítorí náà tí ilẹ̀ bá mì, ó lè tẹ̀ díẹ̀ kí òkúta má bàa ya. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé ó dínà mọ́ omi àti afẹ́fẹ́, kí irin má dógùn-ún. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a máa padà débẹ̀.

Ó kan ọ̀rọ̀ òpó. Nígbà àkọ́kọ́, igi ni òpó tẹ́ḿpìlì wọn, ògiri sì jẹ́ bíríkì amọ̀. Tẹ́ḿpìlì Hera ní Olympia, tí wọ́n kọ́ ní nǹkan bí ọdún 600 ṣáájú Kristi, òpó igi ló fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ń fi ti òkúta rọ́pò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọdún ti ń gorí ọdún. Ìdí nìyẹn tí òpó ibẹ̀ ò fi dọ́gba: ìkan sanra, ìkan tẹ́ẹ́rẹ́, orí wọn ò jọra. Pausanias, arìnrìn-àjò tó kọ ohun tó rí sílẹ̀ ní ọ̀rúndún kejì lẹ́yìn ìbí Kristi, ní òpó igi óákù kan ṣì dúró níbẹ̀ nígbà tóun débẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá gba òkúta tán, wọ́n gbìyànjú odindi. Tẹ́ḿpìlì Apollo ní Syracuse ní Sísílì àti ti Kọ́ríńtì, òpó wọn jẹ́ òkúta kan ṣoṣo. Méje ti Kọ́ríńtì ṣì wà lóòró títí dòní. Nítorí náà ẹni tó sọ̀rọ̀ odindi òkúta níbi iṣẹ́ yín kò purọ́, àwòrán tó wà níwájú rẹ̀ ni kì í ṣe ti irú òpó bẹ́ẹ̀. Odindi òkúta tó ga tó bẹ́ẹ̀ ṣòroó rí láìsí ìlà sísán nínú rẹ̀, ó ṣòroó fà, ó tún ṣòroó gbé dìde. Nígbà tí kírénì onípúlì àti okùn dé ní apá ìparí ọ̀rúndún kẹfà ṣáájú Kristi, ọgbọ́n tó bá kírénì mu ni kí wọ́n gé òpó sí abala roboto roboto, kí wọ́n máa tò ó léra.

Parthenon ni èyí tó wà nínú àwòrán oníbàárà yín, òpó rẹ̀ jẹ́ bí abala mẹ́wàá sí méjìlá, tó ga ní mítà 10.43 lápapọ̀. Iktinos àti Kallikrates ló kọ́ ọ láàárín ọdún 447 sí 432 ṣáájú Kristi, Pheidias sì ni ọ̀gá lórí iṣẹ́ ère rẹ̀. Láti orí òkè Pentelikon, tó tó nǹkan bíi kìlómítà 16 sí Áténì, ni wọ́n ti gé mábù rẹ̀. Ní kúárì yẹn, wọ́n á gbẹ́ yàrà yí òkúta ká, wọ́n á fi irin là á nídìí, wọ́n á gé e ní roboto, wọ́n á sì jẹ́ kó fi díẹ̀ tóbi ju ìwọ̀n tí wọ́n fẹ́ lọ, kí ibi tó bá fara gbá lójú ọ̀nà má bàa bà á jẹ́. Ní àárín ojú abala kọ̀ọ̀kan ni wọ́n gbẹ́ ihò onígun mẹ́rin sí, wọ́n ki igi bọ̀ ọ́, wọ́n sì fi ọ̀pá igi roboto kan há àárín abala òkè àti ti ìsàlẹ̀ kí wọ́n lè jókòó sójú kan náà. Ojú ìpàdé yẹn ṣe pinpin tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé nígbà tí wọ́n tú àwọn abala kan lóde òní, wọ́n bá igi náà nínú wọn láìjẹrà. Fún igi láti lo ju ẹgbẹ̀rún ọdún méjì lọ nínú òpó tí òjò ń pa, tí omi ò kàn án! Kò sí sìmẹ́ǹtì tí mo mọ̀ tó lè ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn ìlà gbọọrọ tó lọ láti òkè dé ìsàlẹ̀ òpó, ogún ni wọ́n lára òpó kọ̀ọ̀kan, wọn kì í gbẹ́ wọn nílẹ̀. Wọ́n á kàn bẹ̀rẹ̀ wọn díẹ̀ ní ìdí òpó àti lábẹ́ orí òpó gẹ́gẹ́ bí àmì, wọ́n á to gbogbo rẹ̀ tán, lẹ́yìn náà ni agbẹ́kùúta á wá gbẹ́ ìlà náà láti òkè dé ilẹ̀ lórí ìdúró. Ẹni tó bá fẹ́ rí i pé bẹ́ẹ̀ ló rí, kó wo tẹ́ḿpìlì Segesta ní Sísílì, tí iṣẹ́ rẹ̀ dá dúró ní ìparí ọ̀rúndún karùn-ún ṣáájú Kristi. Òpó 36 dúró níbẹ̀ pẹ̀lú bíìmù lórí wọn, kò sí ìlà kankan lára wọn, àwọn kókó òkúta tí wọ́n ń so okùn mọ́ láti fi gbé òkúta sì ṣì yọ síta lára àtẹ̀gùn rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò padà wá gé wọn kúrò. Èyí náà ló yẹ kó pa ẹnu ẹni tó ní wọ́n dà á sínú móòdù mọ́. Tó bá tún fẹ́ ẹ̀rí sí i, ní Cave di Cusa, kúárì ìlú Selinus ní Sísílì, abala òpó ńláńlá ṣì wà níbi tí wọ́n ti ń gé wọn lọ́wọ́, òmíràn ti gé yí ká tán àmọ́ ìdí rẹ̀ ṣì lẹ̀ mọ́ àpáta ilẹ̀. Ọdún 409 ṣáájú Kristi ni ogun Carthage, ìlú kan ní Àríwá Áfíríkà, kó Selinus, àwọn òṣìṣẹ́ sá, iṣẹ́ náà ò sì tẹ̀ síwájú mọ́. Àpáta tó ṣì mú òpó dání nídìí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí àyè sọ̀rọ̀ yíyọ́ òkúta.

Ẹ̀rí mìíràn wà tó wù mí ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ. Parthenon kò tọ́. Mo túmọ̀ sí pé ilẹ̀ tí òpó rẹ̀ dúró lé ga ní àárín ju igun lọ, bíi sẹ̀ǹtímítà 6 ní iwájú àti ẹ̀yìn, bíi 11 ní ẹ̀gbẹ́ gígùn. Òpó rẹ̀ tẹ̀ sínú díẹ̀, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 7. Bí ara òpó ṣe ń tín-ín-rín lọ sókè, ó wú díẹ̀ ní àárín. Òpó igun sanra ju àwọn yòókù lọ. Vitruvius, ayàwòrán-ilé ará Róòmù, ní ojú ni wọ́n ṣe é fún, pé ilẹ̀ tó bá tẹ́jú gan-an yóò dà bí ẹni pé ó rì ní àárín lójú ẹni tó ń wò ó. Àwọn mìíràn ní kí omi òjò lè ṣàn kúrò ni. Èmi gbà pé omi wà níbẹ̀, àmọ́ omi nìkan ò lè ṣàlàyé òpó tó tẹ̀ sínú. Èyíkéyìí tó bá jẹ́, ohun tó túmọ̀ sí fún agbẹ́kùúta ni pé òkúta tó bá gbẹ́ fún ibì kan kò ní wọ ibòmíràn. Abala ìsàlẹ̀ òpó kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ dagun díẹ̀ kí òpó tó dúró lórí ilẹ̀ tó tẹ̀ tó lè tẹ̀ bó ṣe yẹ kó tẹ̀. Móòdù kan náà ń bí ọmọ tó jọra. Ilé yìí kò ní ọmọ tó jọra. Ní Didyma, ní ilẹ̀ Tọ́kì òde òní, Lothar Haselberger rí i ní ọdún 1979 pé wọ́n fín àwòrán iṣẹ́ sára ògiri inú tẹ́ḿpìlì Apollo fúnra rẹ̀. Àwòrán bí ara òpó ṣe máa wú wà níbẹ̀: ìbú rẹ̀ ní ìwọ̀n gidi, gíga rẹ̀ ni wọ́n sún kì sí ìdá mẹ́rìndínlógún kó lè gba ojú ògiri. Torí pé wọn ò kọ́ ilé náà parí, ẹnikẹ́ni ò padà wá ha àwòrán yẹn kúrò.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń de irin sí ìsàlẹ̀ bíìmù lójoojúmọ́, ẹ ti mọ ìdí tí òpó wọn fi pọ̀ tó sì sún mọ́ra. Òkúta lágbára gan-an tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, àmọ́ tí ẹ bá fà á ya, kò lágbára. Bíìmù tí ẹrù wà lórí rẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni ó ń fà ya. Láìsí irin níbẹ̀, ọ̀nà kan ṣoṣo ni kí bíìmù kúrú. Láti àárín òpó kan dé àárín èkejì ní Parthenon kò ju nǹkan bíi mítà 4.3 lọ, òkúta mẹ́ta ni wọ́n sì tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láti fi ṣe bíìmù kan, kó lè jẹ́ pé bí ọ̀kan bá sán, méjì á ṣì wà. Ní Propylaea, ẹnubodè tí Mnesikles kọ́ sí iwájú rẹ̀, ó fẹ́ kí àyè gbòòrò, ó wá gbẹ́ kòtò sójú òkè bíìmù, ó tẹ́ irin sínú rẹ̀ kí ẹrù àjà má bàa jókòó sí àárín bíìmù gan-an. Ó ti ń nawọ́ sí ohun tẹ́ ẹ̀ ń ṣe yìí. Òrùlé wọn, igi ni. Òun ló ń jóná, òun ló ń kọ́kọ́ lọ.

Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló wá wó wọn? Ní ti Parthenon, ó dúró ju ẹgbẹ̀rún ọdún méjì lọ, ó di ṣọ́ọ̀ṣì, ó di mọ́ṣáláṣí, ògiri rẹ̀ ṣì pé. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1687, àwọn Tọ́kì kó ẹ̀tù ìbọn sínú rẹ̀ nígbà tí ogun Venice, tí Morosini ṣe olórí rẹ̀, dó ti ìlú náà. Ọta kan bọ́ sínú ẹ̀tù, ilé náà bú gbàmù, ògiri inú àti òpó àárín sì dà wó lulẹ̀. Ilé oníkọnkéré wo ló máa fara da ìyẹn? Ti Zeus ní Olympia, ìmìtìtì ilẹ̀ ọ̀rúndún kẹfà lẹ́yìn ìbí Kristi ló dà á dùbúlẹ̀, abala òpó rẹ̀ ṣì wà lórí ìlà níbi tí wọ́n ṣubú sí. Ọ̀pọ̀ mìíràn, èèyàn ló tú wọn: wọ́n gbẹ́ inú òkúta láti yọ irin àti òjé, wọ́n sun mábù láti fi ṣe ẹfun ìkọ́lé. Èyí tí wọ́n bá sọ di ṣọ́ọ̀ṣì ló là, nítorí wọ́n ń tọ́jú rẹ̀. Tẹ́ḿpìlì Hephaistos ní Áténì àti èyí tí wọ́n ń pè ní Concordia ní Agrigento wà lóòró bẹ́ẹ̀.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ọwọ́ ẹni tó fẹ́ ṣoore. Láti ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún títí di ọdún 1933, Nikolaos Balanos ló ń tún Parthenon ṣe. Ó fi tọkàntọkàn ṣe é, òun ló mú kí òpó àríwá tún dìde. Ṣùgbọ́n irin tó fi há òkúta, kò fi òjé bò ó bí ti àwọn àtijọ́. Omi wọlé, irin dógùn-ún, irin tó bá sì dógùn-ún máa ń wú. Ó wú nínú mábù, mábù ya. Láti ọdún 1975 ni ìgbìmọ̀ kan ti ń tú iṣẹ́ yẹn, tí wọ́n ń yọ irin náà, tí wọ́n ń fi titanium tí kì í dógùn-ún rọ́pò rẹ̀. Irin àtijọ́ tí òjé bò, púpọ̀ nínú rẹ̀ ṣì mọ́. Mo sọ èyí nítorí yín gan-an: ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ nínú pílà tí irin rẹ̀ sún mọ́ ìta jù. Kọnkéré máa ń ya gbọọrọ lójú ìlà irin, àwọn èèyàn á ní sìmẹ́ǹtì ò tó, nígbà tó jẹ́ pé irin ló ń wú nínú rẹ̀.

Ó wá ku iṣẹ́ oníbàárà yín. Ṣé ẹ lè fi òkúta ṣe é bí àwọn Gíríìkì? Ẹ lè ṣe é, àmọ́ ẹ wo ohun tó máa gbà. Òpó kan tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà méjìlá, tó sì fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà méjì, yóò wúwo ju tọ́ọ̀nù méjì àbọ̀ lọ tó bá jẹ́ mábù. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe ti pílà lásán. Mábù wà ní Ìgbẹ́tì, àmọ́ èyí tó pọ̀ jù lágbègbè yín ni àpáta dúdú, ó sì le ju mábù lọ fíìfíì. Gbígbẹ́ ogún ìlà sára rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan. Lóòótọ́, ẹ̀rọ ìgékùúta òde òní lè tẹ́ ojú òkúta fún yín láìlo ilẹ̀pa pupa. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé tẹ́ḿpìlì Asklepios ní Epidauros, tí kò tóbi rárá, gba ọdún mẹ́rin àti oṣù mẹ́jọ, ọwọ́ àwọn tó mọ iṣẹ́ náà láti kékeré ló sì ṣe é. Ewu mìíràn tún wà: òpó tí wọ́n kàn tò léra ń fẹ́ ẹrù wúwo lórí kó tó dúró gbọn-in. Òpó iwájú ilé tí páànù fúyẹ́ wà lórí rẹ̀, tí mọ́tò bá fi ẹ̀yìn gbá a, mi ò ní fẹ́ kí ọmọ ẹnikẹ́ni wà lábẹ́ rẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni kí ẹ da kọnkéré, kí ẹ wá fi òkúta pẹlẹbẹ bò ó lára. Mi ò bú ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ òkúta tí wọ́n fi lẹ̀ mọ́ òpó roboto máa ń já bọ́ tí omi bá ráyè wọ ẹ̀yìn rẹ̀, tí ẹ bá sì fẹ́ fi irin há a, kó jẹ́ irin aláìdógùn-ún. Ọ̀nà kẹta ni èyí tẹ́ ẹ mọ̀, kí ẹ dà á pẹ̀lú irin nínú, òun ni màá sì yàn tó bá jẹ́ èmi. Ẹ jẹ́ kí bísikíìtì yín, ègé kọnkéré kékeré tí a ń so mọ́ irin kó má bàa kan móòdù, pé, kí kọnkéré tó bo irin má dín ní mìlímítà 40 yí ká. Àwòrán ilé lásán kò tó fún mi láti sọ iye irin tàbí bí ìpìlẹ̀ ṣe máa jìn tó. Ẹnjiníà tó rí ilẹ̀ náà ló lè sọ ìyẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fò ó dá.

Ibi tí ẹ ti lè tẹ́ oníbàárà yín lọ́rùn gan-an ni ìwọ̀n. Òpó Parthenon fẹ̀ ní mítà 1.9 ní ìdí, nítorí náà gíga rẹ̀ jẹ́ bí ìlọ́po márùn-ún àbọ̀ ìbú rẹ̀. Pílà íńṣì mẹ́sàn-án tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà méjìlá jẹ́ ìlọ́po mẹ́rìndínlógún. Bí ẹ tilẹ̀ gbẹ́ ìlà sí i lára, kò lè jọ ọ́ láéláé. Fún ẹsẹ̀ bàtà méjìlá, ẹ jẹ́ kí ìdí rẹ̀ tó bí íńṣì 26, kí òkè rẹ̀ wá sí bí íńṣì 20. Kò gbọdọ̀ ní ìtẹ́lẹ̀ roboto nídìí. Orí ilẹ̀ òkúta tẹ́ḿpìlì náà gan-an ni òpó Parthenon dúró sí, láìsí nǹkan kan lábẹ́ rẹ̀. Àwọn ewé tí wọ́n ń gbẹ́ sí orí òpó nílé àwọn olówó, irú òpó mìíràn ló ni wọ́n, ẹ má fi kún un. Ohun tó máa fa ìjiyàn ni àyè àárín òpó. Tí ẹ bá tẹ̀ lé ti Parthenon, àyè náà ò ní tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, mọ́tò kankan ò sì ní kọjá níbẹ̀. Ẹ̀yin ní irin nínú bíìmù, ẹ lè ṣí i gbòòrò, àmọ́ bí ẹ bá ṣe ń ṣí i ni yóò máa jìnnà sí àwòrán. Tó bá jẹ́ ibi tí mọ́tò ń gbà ni, ẹ bá oníbàárà sọ ọ́ nísinsìnyí, kí ó gbà kí iye òpó dín kù kí ẹ tó gé irin. Ẹ wọn iwájú ilé náà láti igun dé igun, kí ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú gíga àjà rẹ̀, màá bá yín pín in.